Kọ̀ǹpútà mi ní 9.7, dókítà ní 11: orúnkún ìyá mi ńkọ́?

Ọmọ-Ìdènà (Kétu ní Olómìnira Bẹ̀nẹ̀, ṣùgbọ́n Kàlávì ni mo ń gbé) | Ọjọ́ Àìkú, 9:12 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ mi gùn díẹ̀, ẹ fara dà á fún mi.

Ìyá mi ti pé ọdún 53. Gàrí ló ń tà ní ọjà Kétu. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ti tẹ̀ síta bí ọrun, débi pé bọ́ọ̀lù lè gba àárín orúnkún méjèèjì kọjá. Kò dí i lọ́wọ́ iṣẹ́ rí. Àfi bí ọdún méjì sẹ́yìn tí orúnkún òsì bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, lápá inú nìkan. Bó bá ti ọjà dé, á na ẹsẹ̀ sórí àpótí, ó di ọjọ́ kejì kó tó dìde dáadáa.

A lọ rí dókítà eegun ní Kútọnu. Ó ní kò tíì di orúnkún tí à ń fi irin pààrọ̀. Kèrékèré (eegun rírọ̀ tó wà nínú oríkèé) apá inú ló ti jẹ, ti apá òde ṣì dára. Ó ní òun á fi ayùn gé eegun ojúgun nísàlẹ̀ orúnkún, láti inú lọ síta, òun ò ní gé e já. Òun á wá ya ibi tí òun gé náà díẹ̀díẹ̀ bí ẹnu ọ̀nì, kí ẹsẹ̀ lè nà, kí ìwúwo ara kúrò lórí ibi tó ti jẹ. Irin pẹlẹbẹ àti ìṣó onírin ni yóò fi dì í mú. Fífẹ̀ ẹnu tí òun máa yà, ó kọ ọ́ sínú ìwé: 11 mm.

Ìmọ̀ ẹ̀rọ ni mò ń kọ́. Wọ́n fún wa ní sìkánẹ́ẹ̀ rẹ̀ (àwòrán inú ara tí ẹ̀rọ CT yà) sínú CD, mo gbé e délé. 3D Slicer, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń wo irú àwòrán bẹ́ẹ̀, ni mo lò, ọ̀fẹ́ ni. Mo yọ eegun kúrò lára ẹran, mo wá àárín orí eegun itan ní ìbàdí, mo wá àárín ọrùn ẹsẹ̀, mo fa ìlà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó yẹ kí ìlà yẹn gba nǹkan bí àárín orúnkún kọjá. Ti ìyá mi gba inú. Ẹsẹ̀ náà fi 6 dígírì tẹ̀. Mo fi 3 lé e kí ìwúwo lè kọjá àárín díẹ̀ bọ́ sí apá òde, ó di 9. Láti ibi tí ayùn máa wọlé dé ibi tó máa dúró jẹ́ 62 mm. Ìlọ́po méjì 62, ẹ fi sin 4.5 (sáìnì ìdajì 9 dígírì) sọ ọ́ di púpọ̀: 9.7 mm ló jáde.

Dókítà ní 11. Ọ̀sẹ̀ méjì ló kù kó wọ yàrá iṣẹ́ abẹ. Ṣé kí n sọ fún un? Mi ò fẹ́ kó dà bíi pé ọmọdé ń kọ́ àgbà níṣẹ́, ṣùgbọ́n eegun ìyá mi ni.

Àgbà-Kétu | Ọjọ́ Àìkú, 9:40 alẹ́

Ọmọ mi, o ṣeun tó o fẹ́ràn ìyá rẹ. Ṣùgbọ́n mílímítà kan àti díẹ̀! Ìyẹn ò tó ìdọ̀tí abẹ́ èékánná mi. Àwọn tó ń to eegun lọ́dọ̀ wa kì í lo rúlà, wọ́n sì ń to eegun. Ẹ ti gbé e dé ọ̀dọ̀ wọn ná?

Ọmọ-Ìdènà | Ọjọ́ Àìkú, 9:58 alẹ́

Bàbá, ẹ kú alẹ́. Eegun tó ṣẹ́ lánàá, wọ́n lè tò ó. Èyí kò ṣẹ́, ó ti tẹ̀ bẹ́ẹ̀ láti kékeré ó sì ti gbó síbẹ̀, okùn àti pákó ò lè nà án mọ́. Ní ti mílímítà náà: 1.3 mm lórí 62 mm fẹ́rẹ̀ẹ́ tó dígírì kan àti díẹ̀. Tí ó bá dé ọrùn ẹsẹ̀, ẹsẹ̀ á ti yà kúrò lójú ọ̀nà ní nǹkan bíi 7 mm. Ìyá mi á sì máa rìn lórí rẹ̀ lójoojúmọ́.

Ràdíò-Àjàṣẹ́ | Ọjọ́ Ajé, 6:21 àárọ̀

Ọmọ-Ìdènà, ìbéèrè kan ṣoṣo: nígbà tí wọ́n ń ya sìkánẹ́ẹ̀ yẹn, dídúró ni ìyá rẹ wà ni, àbí ó dùbúlẹ̀?

Mo ń bi ọ́ nítorí iṣẹ́ mi nìyẹn, mo mọ ìdáhùn rẹ. Ó dùbúlẹ̀. Gbogbo ènìyàn ló ń dùbúlẹ̀ nínú ẹ̀rọ náà. Ẹsẹ̀ tó dùbúlẹ̀ kò ru nǹkan kan. Ẹsẹ̀ tí dókítà rẹ wò ni èyí tó dúró. Wọ́n gbọ́dọ̀ ti ya ràdíò gígùn fún un, láti ìbàdí dé ọrùn ẹsẹ̀, ní ìdúró. (Ẹ̀yin ará Nàìjíríà tó ń ka èyí, ẹ́síréè yín ni à ń pè ní ràdíò níbí. Ẹ má rò pé orin ni.) Wá fọ́tò yẹn. Kí o sì wo egungun orí orúnkún: iwájú gan-an ló yẹ kó kọjú sí. Bí ẹni tó yà á bá jẹ́ kó yí ẹsẹ̀ síta tàbí sínú, dígírì tí o bá wọ̀n níbẹ̀, irọ́ ni. Mo ti dá aláìsàn padà sẹ́yìn pátákó lẹ́ẹ̀mẹta nítorí èyí, wọ́n sì bú mi.

Ọmọ-Ìdènà | Ọjọ́ Ajé, 7:45 alẹ́

Tántì, ẹ ṣeun púpọ̀. Ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù ni ràdíò náà wà, wọ́n ká a bí ẹní! Mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ fèrèsé, mo fi rúlà àti ohun èlò tí ọmọ ilé-ìwé fi ń wọn igun wọ̀n ọ́n. Egungun orúnkún kọjú síwájú dáadáa.

8 dígírì ni. Kì í ṣe 6.

Nítorí náà 8 àti 3 di 11 dígírì, èyí sì fún mi ní 11.9 mm. Ẹ wá wò ó bí ọ̀rọ̀ ṣe yí: lánàá mo rò pé dókítà fẹ́ ya ẹnu eegun jù, lónìí ó dà bíi pé kò ní yà á tó. Orí mi ti dàrú.

ÌyáÀfúsá (Ṣábẹ̀) | Ọjọ́ Ajé, 8:30 alẹ́

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé mo já lu ọ̀rọ̀. Ọmọ mi pé oṣù 18, ẹsẹ̀ rẹ̀ náà tẹ̀ síta báyìí. Ìyá ọkọ mi ní ẹ̀yìn tí mo fi ń pọ̀n ọ́n ló fà á. Ṣé wọ́n máa gé tirẹ̀ náà ni?

Alábẹ-Ọ̀la | Ọjọ́ Ajé, 9:15 alẹ́

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́. Mo wà lẹ́nu kíkọ́ iṣẹ́ abẹ eegun, Àjàṣẹ́ ni mo ń gbé. Jẹ́ kí n dá ÌyáÀfúsá lóhùn ná, torí ìdáhùn tirẹ̀ kúrú.

Ìyá wa, ẹ máa pọn ọmọ yín lọ. Ẹsẹ̀ ọmọ ọwọ́ máa ń tẹ̀ síta títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ọdún 2. Lẹ́yìn náà á yí, orúnkún méjèèjì á máa kan ara wọn bí ó bá ń pé ọdún 3 sí 4, á sì wá tọ́ fúnra rẹ̀ nígbà tó bá ń lọ sí ọdún 7. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà bó bá jẹ́ pé ẹsẹ̀ kan ló tẹ̀ tí ìkejì kò tẹ̀, tàbí tó ń burú sí i lẹ́yìn ọdún 2. Àìsàn kan wà tí wọ́n ń pè ní Blount, ìdàgbàsókè eegun ojúgun ló ń dúró lápá inú. Oúnjẹ náà ṣe kókó: ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Jos ní Nàìjíríà, tó jáde ní 1999, fi hàn pé àìtó kálísíọ̀mù ló ń ba ẹsẹ̀ àwọn ọmọ ibẹ̀ jẹ́, wọ́n sì fi kálísíọ̀mù wò wọ́n. Wàgásì (wàrà àwọn Fúlàní) àti ẹja kéékèèké tí à ń jẹ teegunteegun, ẹ máa fún un.

Ó di tìrẹ, Ọmọ-Ìdènà. Mi ò rí ìyá rẹ, nítorí náà ìṣirò ni mo fẹ́ bá ọ sọ, ìtọ́jú rẹ̀ wà lọ́wọ́ dókítà rẹ̀.

Dígírì 2 tó wà láàárín 6 àti 8 yẹn, eegun kọ́ ló tẹ̀ ẹ́. Oríkèé ló là. Nígbà tí ìyá bá dìde, orúnkún á ti ara rẹ̀ síta, okùn iṣan tó dè é lápá òde sì ti fà láti ọjọ́ pípẹ́, apá òde oríkèé á wá yanu. Wo ràdíò náà dáadáa. Fa ìlà kan sí ìsàlẹ̀ eegun itan, fa ìkejì sórí eegun ojúgun. Dígírì mélòó ló wà láàárín ìlà méjèèjì? Lára orúnkún tó pé, kì í ju 2 lọ.

Ọmọ-Ìdènà | Ọjọ́ Ajé, 9:41 alẹ́

4, Dókítà.

Alábẹ-Ọ̀la | Ọjọ́ Ajé, 10:20 alẹ́

Ó dáa. Eegun tó tẹ̀ jẹ gbèsè, okùn tó fà náà jẹ gbèsè. Bí o bá fi eegun nìkan san gbèsè àwọn méjèèjì, nígbà tí ìwúwo bá bọ́ sí apá òde, ẹnu oríkèé tó là á padé, ẹsẹ̀ á sì kọjá ibi tí o fẹ́ kó dé. Ẹsẹ̀ ọrun á wá di ẹsẹ̀ tí orúnkún ń kanra, obìnrin kì í sì í dárí ìyẹn ji dókítà. Ohun tí ọ̀pọ̀ ń ṣe ni pé wọ́n á yọ 2 tó jẹ́ ti gbogbo ènìyàn kúrò nínú 4, wọ́n á pín èyí tó kù sí méjì. Ó ku 1. Yọ ọ́ kúrò nínú 11.

10 dígírì lórí 62 mm: bá mi ṣe é.

Ọmọ-Ìdènà | Ọjọ́ Ajé, 10:24 alẹ́

10.8 mm. Háà!

Alábẹ-Ọ̀la | Ọjọ́ Ajé, 10:37 alẹ́

Ayùn ò mọ 0.2. Dókítà rẹ ti ronú sí i kó tó kọ 11.

Ṣùgbọ́n má fi ìṣirò rẹ sílẹ̀ o, ó wúlò. Àwọn àgbà wa máa ń sọ pé mílímítà kan, dígírì kan. Òótọ́ ni bí ibi tí wọ́n gé bá gùn ní nǹkan bíi 57 mm. Fún 10 dígírì kan náà, ojúgun kékeré tó jẹ́ 50 mm ń fẹ́ 8.7, ti ọkùnrin gìrìwò tó jẹ́ 70 mm ń fẹ́ 12.2. Ọ̀pọ̀ ẹsẹ̀ ló ti yẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ àwọn àgbà yẹn.

Dígírì 3 tí o fi lé e náà ní ìtàn. Láti ara iṣẹ́ Fujisawa, ará Jàpáànù, ní 1979, ni wọ́n ti mú un, títí dòní wọ́n ń pe ibẹ̀ ní ojú Fujisawa: kí ìlà gba ibi tó jẹ́ 62.5% fífẹ̀ orí ojúgun kọjá, tí a bá kà á láti inú. Kì í ṣe àṣẹ láti ọ̀run. Bí kèrékèré inú kò bá tíì jẹ tán, ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ abẹ kì í lọ jìnnà tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Èyí ni kí o bi dókítà léèrè, má bi í ní mílímítà.

Àgbà-Kétu | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5:50 àárọ̀

Dókítà, mo ń ka gbogbo rẹ̀. Ṣé iṣẹ́ tuntun ni gígé eegun tí kò ṣẹ́ yìí?

Alábẹ-Ọ̀la | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1:05 ọ̀sán

Rárá, bàbá. Jackson àti Waugh ní Ìlú Ọba ti kọ nípa rẹ̀ ní 1961. Coventry ní Amẹ́ríkà tẹ̀ lé wọn ní 1965, àmọ́ apá òde ni tirẹ̀ ti wọlé: á yọ ègé eegun kan kúrò, á wá pa ẹnu ibẹ̀ dé. Kọ̀ǹpútà ló dé lẹ́yìn.

Ọmọ-Ìdènà | Ọjọ́rú, 11:48 alẹ́

Mi ò lè sùn. Mo ti tún un ṣe, ẹsẹ̀ ìdúró ni mo lò báyìí. Mo gé eegun nínú FreeCAD, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń yàwòrán, mo ya ẹnu rẹ̀ ní 10.8, mo fi irin titaniọ̀mù lé e, mo wá pín gbogbo rẹ̀ sí ẹyọ kéékèèké bí ẹni hun àwọ̀n, kí CalculiX lè bá mi ṣírò bí agbára ṣe ń gba ẹyọ kọ̀ọ̀kan kọjá. Líle eegun òde, 17,000 MPa (òṣùwọ̀n líle nìyẹn). Eegun inú tó ní ihò bí búrẹ́dì, 500. Titaniọ̀mù, 110,000. Ìyá mi wọ̀n ní 78 kg. Nígbà tí ènìyàn bá ń rìn, orúnkún máa ń ru tó ìlọ́po méjì àbọ̀ ìwúwo ara, ìdí nìyẹn tí mo fi ti 1,900 N (òṣùwọ̀n agbára) wálẹ̀.

Ìṣòro mi ni ibi tí ayùn dúró sí, ègé eegun kékeré tí a kò gé já, tó di apá òkè àti ìsàlẹ̀ mú bí ìdè ilẹ̀kùn. Nígbà tí mo lo àwọ̀n tí ojú rẹ̀ fẹ̀, agbára ibẹ̀ kò burú. Mo sọ ojú àwọ̀n di kékeré, agbára lọ sókè. Mo tún sọ ọ́ di kékeré, ó tún gòkè. Ó ń gòkè ṣáá ni. Iná lọ lẹ́ẹ̀mejì, mo bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ìdáhùn kò dúró síbì kan. Ṣé eegun ìyá mi máa ya ni?

Jórinjórin-Ṣábẹ̀ | Ọjọ́bọ̀, 6:10 àárọ̀

Ẹ kú àárọ̀. Mi ò mọ̀wé bíi tiyín, irin ni mò ń jó. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí yé mi. Bí irin ọkọ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í ya, tí ìlà ibi tó ń ya bá mú bí abẹ, kò sí bí o ṣe máa jó o tí kò ní máa ya lọ. Ṣóńṣó ìlà yẹn ló ń jẹ irin. Ohun tí ọ̀gá mi kọ́ mi ni pé kí n fi dírílì lu ihò kékeré sí orí ṣóńṣó yẹn gan-an, kí ṣóńṣó di róbótó. Á dúró. Àwọn òkè wa ní Ṣábẹ̀ níbí náà, ibi tí òkúta bá ti sán ṣóńṣó ni òjò ti ń là á.

Tìrẹ náà ńkọ́? Ṣé o ti lu ihò sí i?

Ọmọ-Ìdènà | Ọjọ́bọ̀, 8:02 alẹ́

Bùrọ̀dá, ọwọ́ yín rèé! Ẹ ti yanjú ohun tí mo fi òru méjì jà lé lórí.

Mo fi ihò 4 mm sí òpin ibi tí ayùn dúró, mo tún un ṣírò. Ìgbà àkọ́kọ́ rèé tí mo sọ ojú àwọ̀n di kékeré tí agbára kò gòkè mọ́. Nígbà náà ló wá yé mi pé kì í ṣe eegun ló ń kígbe láti àná. Ṣóńṣó tí mo yà sínú kọ̀ǹpútà, kò ní ìpẹ̀kun. Igun tó mú ju abẹ lọ, nínú ìṣirò, agbára tó ń gba ibẹ̀ kọjá kò lópin: bí o bá ṣe ń wò ó súnmọ́ ni yóò máa pọ̀ sí i. Àṣìṣe ẹni tó yàwòrán ni, kì í ṣe àìsàn. Nínú ìwé wa ni wọ́n kọ ọ́ sí, mo kà á, mo gba máàkì lé e lórí, mi ò dá a mọ̀ nígbà tó dé ojú mi.

Alábẹ-Ọ̀la | Ọjọ́bọ̀, 9:30 alẹ́

Mo rẹ́rìn-ín, mo sì pe ọ̀rẹ́ mi kó wá kà á. Àwọn oníṣẹ́ abẹ kan ń lu ihò yẹn lóòótọ́. Àwọn mìíràn ń fi wáyà kọjá níbẹ̀ kó lè dì í mú. Gbogbo wa ń fi bíi 10 mm eegun sílẹ̀ lápá òde láìgé, a sì ń ya ẹnu rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ìṣẹ́jú lórí ìṣẹ́jú, torí eegun tútù máa ń tẹ̀ bí a bá fún un láyè. Bí ìdè yẹn bá ya, eegun á mì, kò sì ní tètè jinná.

Ohun kan tún wà tí àwòrán iwájú kò ní fi hàn ọ́. Yí àwòṣe rẹ, wò ó láti ẹ̀gbẹ́. Ojúgun kò rí bíi páìpù, igun mẹ́ta ló ní, iwájú rẹ̀ mú. Bí ẹnu bá fẹ̀ ní iwájú bákan náà pẹ̀lú ẹ̀yìn, orí ojúgun á dagun sẹ́yìn ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ, orúnkún á sì máa yọ̀. Iwájú yẹ kó tó ìdajì ẹ̀yìn. Mélòó ni tìrẹ?

Ọmọ-Ìdènà | Ọjọ́bọ̀, 9:52 alẹ́

Mo yà á bákan náà. Mo ti ń tún un ṣe.

Kinẹ́-Wàǹdó | Ọjọ́ Ẹtì, 7:18 àárọ̀

Ẹ kú iṣẹ́ gbogbo yín. Kinẹ́ ni mí, ẹni tó ń kọ́ aláìsàn ní ìrìn padà: èmi ló ń gba àwọn aláìsàn yín lẹ́yìn tí ẹ bá ti rán ojú ọgbẹ́ tán, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń dùn mí. Ọmọ-Ìdènà, o ti 1,900 N lé obìnrin tó ń rìn lásán. Ìyá rẹ kì í rìn lásán. Kí ni ìwúwo agbada gàrí tó ń rù?

Lẹ́ẹ̀kejì, àwòṣe rẹ kò ní iṣan. Iṣan itan ń fa orúnkún síwájú sẹ́yìn ní gbogbo ìṣísẹ̀, àgàgà nígbà tí a bá ń gun àtẹ̀gùn. Mi ò ní kí o sọ ọ́ nù. Mo ní kí o má gbà pé òun ni ìyá rẹ.

Ọmọ-Ìdènà | Ọjọ́ Ẹtì, 10:33 alẹ́

Mo pe ìyá mi. Ó ní 25 kg, nígbà mìíràn ó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo fi 25 lé 78, ó sún mọ́ 2,500 N. Irin kò mira. Ìdè náà ni agbára rẹ̀ gòkè. Mo sọ fún un pé kò ní ru nǹkan kan lórí fún oṣù mẹ́ta ó kéré tán. Ó ní ta ni yóò tà á? Mo ní èmi. Ó rẹ́rìn-ín títí fóònù fi gé.

Ọmọ-Ìdènà | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4:40 ìrọ̀lẹ́

A ti rí dókítà. Mi ò sọ mílímítà. Ìbéèrè tí Dókítà wa kọ́ mi ni mo bi í: ibo lẹ fẹ́ kí ìlà gbà kọjá, kí ló sì dé? Ó wò mí, ó ní kí n fà àga. Ó gbé ràdíò ìyá mi sórí ìmọ́lẹ̀, ó fi bírò fi ìlà méjèèjì hàn mí, ó fi 4 yẹn hàn mí, ó yọ ọ́ bí ẹ ṣe yọ ọ́ gan-an. Ó ní òun kò ní dé 62.5, pé kèrékèré inú ìyá mi ṣì kù díẹ̀, nítorí náà ó ṣeé ṣe kí òun dúró ní 10 mm bí òun bá débẹ̀, pé ojú ni yóò sọ. Nígbà tí mo wá fi àwòṣe hàn án lórí fóònù, ihò tó wà ní òpin ayùn ló wò pẹ́. Ó bi mí ta ló kọ́ mi. Mo ní ẹni tó ń jó irin ní Ṣábẹ̀.

Jórinjórin-Ṣábẹ̀ | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5:02 ìrọ̀lẹ́

Sọ fún un pé mo máa ń wá sí Kútọnu. 😂

Ọmọ-Ìdènà | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5:15 ìrọ̀lẹ́

Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ ló máa wọlé. Ìyá mi ní kí n bi Kinẹ́ ìbéèrè kan, òun nìkan ló ká a lára: lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ṣé sẹ́mìjàn (ọ̀kadà) lè gbé òun láti Pọ́bẹ̀ dé Kétu?

Kinẹ́-Wàǹdó | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5:31 ìrọ̀lẹ́

Rárá o! Ìyá mi, ẹ gba tasí, ẹ san owó ìjókòó ẹ̀yìn tán, kí ẹ fi ẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn, kí ẹ na ẹsẹ̀ sórí ìjókòó. Irọ̀rí kan lábẹ́ gìgísẹ̀, ẹ má fi sábẹ́ orúnkún. Bí dẹ́rẹ́bà bá fẹ́ gbé ẹnì kejì sí i, ẹ ní kó pè mí.